JavaTC: ìṣirò rẹ̀ péye, ṣùgbọ́n kò ka mànàmáná mọ́ ọn

Ẹni tó ń kọ́ Tesla coil, ẹ̀rọ oníkọ́ìlì méjì tó ń yọ mànàmáná lórí, fúnra rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ máa méfò iye ìyí páìpù tí kọ́ìlì ìsàlẹ̀ máa ní. JavaTC, ètò tó ń bá ènìyàn ṣírò Tesla coil, wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, inú búráúsà ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ ó fún un ní ìwọ̀n gbogbo ohun tí ẹ kọ́, òun náà á sọ iye ìgbà tí kọ́ìlì òkè àti ti ìsàlẹ̀ ń mì láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, àti bí iye méjèèjì ṣe jìnnà síra. Bí wọn ò bá jọ mì pọ̀, agbára inú kapásítọ̀ (ohun tó ń tọ́jú iná fún kọ́ìlì ìsàlẹ̀) kò ní rí ọ̀nà gòkè. Inú àlàfo tí iná ń ta kọjá ni púpọ̀ nínú rẹ̀ máa jóná sí.

Ohun tó mú un ta yọ ni pé kò ka kọ́ìlì sí ohun tó dá wà lójú òfuurufú. Ó ń béèrè bí ilẹ̀, ògiri àti àjà ṣe jìnnà tó, bí òrùka irin orí rẹ̀ ṣe fẹ̀ àti bó ṣe ga tó. Ó tún ń béèrè gígùn wáyà tó so kapásítọ̀ mọ́ àlàfo. Ẹ má fo ìyẹn: mítà kan wáyà lè fi nǹkan bí 1 µH kún inductance ìsàlẹ̀, ìyẹn bí kọ́ìlì ṣe ń tako ìyípadà iná tó.

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà wò ó. Kọ́ìlì òkè kan fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 11, wọ́n wé wáyà 0.5 mm mọ́ ọn ní ìyí 900 lórí gígùn sẹ̀ǹtímítà 50. Inductance rẹ̀ máa tó 17.5 mH. Bí kò bá sí nǹkan lórí rẹ̀, nǹkan bí 430 kHz (ìgbà 430,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan) ló máa mì. Ẹ gbé òrùka irin tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 40, tí páìpù rẹ̀ nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 10, lé e lórí, á já sí nǹkan bí 240 kHz. Ìdí nìyí tí títún kọ́ìlì tí kò tíì dé òrùka ṣe fi jẹ́ iṣẹ́ àṣedànù. Ní ìsàlẹ̀, kapásítọ̀ 0.15 µF mẹ́wàá, oníkálukú 2,000 V, tí a tò tẹ̀ léra máa fún wa ní 15 nF. Kí èyí tó lè bá 240 kHz mu, a nílò nǹkan bí 29 µH. Bí páìpù bàbà bá bẹ̀rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 8.5 sí àárín, tó ń yí pẹrẹsẹ, tí ìyí kan sì jìnnà sí èkejì ní mìlímítà 12, ìyí 9.4 ló máa gbà.

Ibi tí JavaTC ti lè ṣi ènìyàn lọ́nà gan-an nìyí. Kọ́ìlì tó dákẹ́ ni 9.4 yẹn wà fún. Bí mànàmáná bá ti ń yọ lórí òrùka, òun fúnra rẹ̀ di àfikún capacitance (àyè tó ń gba iná pamọ́), iye ìgbà tí kọ́ìlì òkè ń mì á sì rọ̀ sílẹ̀. Bó bá rọ̀ ní ìdá 7 nínú 100, ó ti di 223 kHz; inductance ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ gòkè sí nǹkan bí 34 µH, ìyẹn ìyí 10.1. Ẹni tó bá ti gé páìpù rẹ̀ sí ìyí 10 kò ní ibi tó máa sún kílíìpù (èyí tó so wáyà mọ́ páìpù) sí mọ́. Ìyí 12 tàbí 13 ni kí ẹ wé.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí JavaTC sọ, kí ẹ máa sún kílíìpù síta ní ìdá kan nínú mẹ́rin ìyí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, ẹ yọ pulọ́ọ̀gì, kí ẹ sì fi igi gígùn tó ní wáyà lórí so ẹnu méjèèjì ọ̀wọ́ kapásítọ̀ náà pọ̀, nítorí iná inú rẹ̀ ń pani. Resistor 10 MΩ lára kapásítọ̀ kọ̀ọ̀kan, tó ń fa iná inú rẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀, kò rọ́pò ìyẹn. Ẹ fi wáyà ṣóńṣó sórí òrùka kí mànàmáná máa gba ojú kan yọ, kí ẹ wọn gígùn rẹ̀, kí ẹ má sì yí àlàfo iná padà láàárín ìdánwò. Ibi tó ti gùn jù, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú bí ẹ ṣe ń sún un síwájú, ibẹ̀ ni kílíìpù gbọ́dọ̀ wà.

Ojú ewé JavaTC há, kò sì fi bẹ́ẹ̀ ṣàlàyé ara rẹ̀. Radius ló ń béèrè fún kọ́ìlì, kì í ṣe fífẹ̀, µF ló sì fi ń gba kapásítọ̀: 15 nF gbọ́dọ̀ di 0.015. Ó tún ń sọ coupling, ìyẹn bí kọ́ìlì méjèèjì ṣe fà mọ́ra tó, èyí tó dára kó wà láàárín 0.1 sí 0.2. Bí iná bá ń rìn lára kọ́ìlì òkè, ẹ gbé e sókè ní sẹ̀ǹtímítà kan tàbí méjì, kí ẹ tún ṣírò.

Ẹni tó ní signal generator (ẹ̀rọ tó ń pèsè iná tó ń mì) lè yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ so ó mọ́ ẹsẹ̀ kọ́ìlì òkè, kí àlàfo ìsàlẹ̀ wà ní ṣíṣí, kí probe oscilloscope (ẹ̀rọ tó ń yàwòrán bí iná ṣe ń mì) sì rọ̀ ní nǹkan bí mítà kan síbẹ̀ láìfi kàn án. Probe tó bá kàn án lè fi 10 pF kún kọ́ìlì tí gbogbo tirẹ̀ kò ju nǹkan bí 25 pF lọ. Bí èsì bá yàtọ̀ sí ti JavaTC ju ìdá 3 nínú 100 lọ, iye ìyí ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí: ẹ fi ìnípọn wáyà pẹ̀lú ọ̀dà ara rẹ̀, bíi 0.555 mm, pín mìlímítà 500.