Ẹ wo orí àti ìdí tianma kí ẹ tó sanwó

Ẹ̀yin ará wa ní Kàbà, Mọ̀pà, Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀ tí ẹ ń ra egbòogi ará Ṣáínà lórí Wasáàpù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù kí ẹ tó fowó ránṣẹ́.

Òòyì tó ń kọ́ ìyá mi ló sún mi dé ìdí tianma, isu òdòdó ọ̀kíìdì kan. Oníṣòwò kan ní Lọ́kọ́ja sọ pé ìgbà òtútù ni wọ́n wa tòun, ti inú igbó pọ́ńbélé. Mo san ₦45,000 fún ààbọ̀ kílò. Bí mo ṣe gbà á ní gáréèjì, ó fúyẹ́ lọ́wọ́ mi bí èèpo ẹ̀gẹ́ gbígbẹ. Mo la ọ̀kan: inú rẹ̀ ṣófo, ara rẹ̀ hunjọ, kùkùté igi òdòdó rẹ̀ sì wà lórí rẹ̀.

Ta ni nínú wa tí kò mọ isu tó hù sínú abà? Bí ìtàkùn ṣe ń gùn ni isu ń rọ̀, torí oúnjẹ inú rẹ̀ ni ìtàkùn ń jẹ. Ti tianma tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò ní ewé rárá, olú abẹ́ ilẹ̀ kan ló ń bọ́ ọ. Tí igi òdòdó rẹ̀ bá ti yọ, ara isu náà ni yóò máa fà. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń wa á ní Ṣáínà láti oṣù Kọkànlá títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin. Èyí tí wọ́n wa nígbà òtútù, kí igi tó yọ, ló níye lórí jù.

Ẹ ní kí wọ́n ya fọ́tò orí àti ìdí rẹ̀. Ti ìgbà òtútù ní ọ̀mùnú pupa rúsúrúsú tó tẹ̀ bí ẹnu odídẹ lórí, àpá róbótó bí ìdodo nídìí, àti àmì tóótòòtó tó yí ara rẹ̀ ká bí òrùka. Ó wúwo, inú rẹ̀ kì, ó sì ń dán. Méjì nínú tèmi kò ní ìdodo, kò ní òrùka: pọ̀tétò tí wọ́n sè, tí wọ́n sá ni. Lúbúlúbú rẹ̀ ńkọ́? Ẹ má rà á rárá, kò sí ohun tí ẹ fẹ́ wò lára rẹ̀. Ọ̀rọ̀ "ti igbó" yẹn náà, ẹ má gbà á gbọ́: èyí tí wọ́n gbìn ló pọ̀ jù lọ́jà báyìí.

Mo fi fọ́tò ránṣẹ́ sí oníṣòwò yẹn, ó dí nọ́ńbà mi pa. Àwọn isu náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ kàn wọ́n kó tó ra tirẹ̀, kó wá bá mi ní Kàbà.