OEIS: tí nọ́ńbà bá rú yín lójú, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbé e lọ

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn ìṣirò, tẹ́ ò bá tíì máa lo OEIS (On-Line Encyclopedia of Integer Sequences), ìyẹn ìkànnì tí wọ́n kó ìlà nọ́ńbà jọ sí, ẹ tètè lọ wò ó. Iṣẹ́ tó ń ṣe ò lọ́jú pọ̀ rárá, ẹ máa tẹ nọ́ńbà mélòó kan tó tẹ̀ léra síbẹ̀, ẹ fi kọ́mà sáàárín wọn, á wá sọ ìdílé tí wọ́n ti wá fún yín, èyí tó kàn, fọ́múlà wọn, àti àwọn ìwé tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ nípa wọn. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ ò sì nílò àkáǹtì kẹ́ ẹ tó wá nǹkan níbẹ̀.

Onímọ̀ ìṣirò kan tó ń jẹ́ Neil Sloane ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 1964 nígbà tó ṣì ń kàwé ní Yunifásítì Cornell, ó sọ ọ́ di ìwé ní 1973 pẹ̀lú ìlà nọ́ńbà 2,372, nígbà tó di 1996 ó ti dórí íntánẹ́ẹ̀tì, ní báyìí wọ́n ti lé ní 370,000.

Ìlà kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ tiẹ̀ níbẹ̀, ibi tí màá ní kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ni A000045, ìyẹn Fibonacci: 0, 1, 1, 2, 3, 5, 8, 13, 21, 34, 55, 89, ẹ ro méjì tó gbẹ̀yìn pọ̀ kẹ́ ẹ rí èyí tó kàn. Ìṣirò nípa bí ehoro ṣe ń pọ̀ sí i, tó wà nínú ìwé tí Leonardo ará Pisa (Fibonacci fúnra ẹ̀) kọ ní 1202, lọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀, àmọ́ àwọn ọ̀mọ̀wé Íńdíà ti rí nọ́ńbà yìí ṣáájú ẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ka iye ọ̀nà tí sílébù gígùn àti kúkúrú lè gbà tò nínú ewì. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ iye ọ̀nà tẹ́ ẹ lè gbà gun àtẹ̀gùn ńkọ́? Tó bá jẹ́ àtẹ̀gùn mẹ́rin, tẹ́ ẹ lè gun ọ̀kan tàbí méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀nà 5 ló wà: 1+1+1+1, 1+1+2, 1+2+1, 2+1+1, 2+2. Tó bá jẹ́ márùn-ún, 8. Fibonacci náà ni!

Èyí tó dùn mọ́ mi jù rèé o. Ipò 0 la ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, ibẹ̀ ni 0 àkọ́kọ́ yẹn wà. Ẹ mú èyí tó wà ní ipò 8, ìyẹn 21, àti ti ipò 12, ìyẹn 144. Nọ́ńbà tó tóbi jù tó lè pín àwọn méjèèjì láìṣẹ́kù ni 3, ipò 4 sì ni 3 wà, bẹ́ẹ̀ 4 yẹn gan-an ló tóbi jù tó lè pín 8 àti 12! Ipò yòówù kẹ́ ẹ mú, bó ṣe máa rí nìyẹn. 144 yẹn sì tún jẹ́ 12 lọ́nà 12, ipò 12 ló sì wà, yàtọ̀ sí 0 àti 1 kò sí Fibonacci míì tó jẹ́ nọ́ńbà kan lọ́nà ara ẹ̀, ní 1964 ni wọ́n fìdí ẹ̀ múlẹ̀.

Ohun tó jẹ́ kí n fọkàn tán OEIS ni pé kì í tan èèyàn. Ẹ tẹ 1, 2, 3, 5, 8, 13, 21, 34, 55, Fibonacci nìkan kọ́ ló máa yọ. Tẹ́ ẹ bá mú 2.718... tí wọ́n ń pè ní e, tẹ́ ẹ gbé e sí pawà 0, ààbọ̀, 1, 1 àti ààbọ̀, tẹ́ ẹ ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, tẹ́ ẹ wá ń fa ìdáhùn kọ̀ọ̀kan sókè sí odidi nọ́ńbà, nọ́ńbà mẹ́sàn-án yẹn náà lẹ máa rí, ṣùgbọ́n 91 ló kàn, kì í ṣe 89. Ẹni tó bá rò pé nọ́ńbà mẹ́sàn-án ti tó ẹ̀rí, ibẹ̀ ló máa ti ṣubú.

Kò rọrùn fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ṣá, torí wọ́n máa ń gé àlàyé kúrú, ojú ìwé ti Fibonacci sì gùn gan-an, ẹ kọ́kọ́ ka àwọn ìlà tó wà lókè, kẹ́ ẹ wá tẹ "graph" àti "listen", ẹ máa gbọ́ nọ́ńbà bí orin. Tẹ́ ẹ bá ń wá nǹkan, ẹ tẹ tó mẹ́fà ó kéré tán. Tí tiyín ò bá sí níbẹ̀, ẹ lè forúkọ sílẹ̀ kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́, àwọn olóòtú tó ń yọ̀ǹda ara wọn á yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní kí wọ́n tó gbà á wọlé.