Jarrah àbí turpentine: igi wo la ó rì sínú omi iyọ̀?

Mọ̀lẹ́bí ni igi méjèèjì, Ọsirélíà sì ni ilé wọn. Ikán kì í sáré jẹ ìkankan. Turpentine tó ń hù ní New South Wales àti Queensland ní oje àti silica (èròjà líle tó wà nínú iyanrìn) nínú, ìyẹn ni kòkòrò òkun fi ń sá fún un. Silica yẹn náà ni kì í jẹ́ kí ayùn mú pẹ́. Káfíńtà á pọ́n ọn títí! Jarrah ti Western Australia pupa, ó ń dán, ṣùgbọ́n láti 2024 ni ìjọba ibẹ̀ ti dá gígé igi igbó àdáyébá fún ọjà dúró, torí náà kò yá rí mọ́.

Ọ̀pó èbúté? Turpentine. Tábìlì tàbí pákó ilẹ̀ ńkọ́? Jarrah, àlòkù láti ilé àtijọ́ pàápàá.