Ọwọ́ Eve ni kí ẹ máa wò: àgbéyẹ̀wò fíìmù All About Eve (1950)

Ìṣẹ́jú 138 ni fíìmù yìí gbà. Dúdú-àti-funfun ni, kò sí ìbọn, kò sí ijó, ọ̀rọ̀ ẹnu ló gbé e ró láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹni tí etí rẹ̀ kò bá yá sí Gẹ̀ẹ́sì àwọn ará Amẹ́ríkà ayé ìgbà yẹn, kó tan ọ̀rọ̀ tó máa ń hàn nísàlẹ̀ àwòrán, torí Bette Davis àti George Sanders kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Èébú kan ò tíì wọlé sétí tán tí òmíràn á ti dé.

Joseph L. Mankiewicz ló kọ ọ́, òun náà ló darí rẹ̀, láti inú ìtàn kúkúrú tí Mary Orr gbé jáde lọ́dún 1946. Margo Channing (Davis) ni ìràwọ̀ orí ìtàgé tí gbogbo Broadway, àdúgbò tíátà ní New York, ń wárí fún. Ó ti pé ẹni ogójì ọdún, Bill tó ń fẹ́ ẹ sì jẹ́ ẹni ọdún 32. Eve Harrington (Anne Baxter) ń dúró sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn tíátà lálaalẹ́, títí Karen, ìyàwó ẹni tó ń kọ eré fún Margo, fi mú un wọlé. Ó ro ẹjọ́ ọkọ tógun pa, àánú rẹ̀ ṣe gbogbo wọn, ó di ọmọ ilé. Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé.

Ibi tí mo ti mọ̀ pé ọwọ́ àgbà ló ṣe fíìmù yìí ni ìpè òru. Aago mẹ́ta òru ni ní New York, tẹlifóònù Margo dún. Òṣìṣẹ́ tẹlifóònù ní ìpè tó ní kí wọ́n bá òun ṣe sí Beverly Hills, ní California, ti délẹ̀. Margo ò sọ pé kí wọ́n pe ẹnikẹ́ni. Bill ló wà lọ́hùn-ún, inú rẹ̀ ń dùn pé wọ́n rántí ọjọ́ ìbí òun lágogo méjìlá òru gẹ́lẹ́, torí wákàtí mẹ́ta ni California fi wà lẹ́yìn New York. Eve ló ṣètò rẹ̀. Ta ló fẹ́ bá a wí? Ọmọọṣẹ́ tó mojú ọ̀gá ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Oró ibẹ̀ ni pé ìrànlọ́wọ́ yẹn gan-an ló fi han Margo pé òun ti gbàgbé ọjọ́ ìbí ọkùnrin òun. Gbogbo ìkà Eve ló rí báyìí: ẹ ò ní rí ọ̀kan tí ẹ lè gbé lọ sílé ẹjọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kejì, ẹ má wo ojú rẹ̀ mọ́, ọwọ́ rẹ̀ ni kí ẹ máa wò. Wọ́n ní kó gbé aṣọ eré Margo kúrò, ó yà síwájú dígí, ó nà án mọ́ ara, ó ń tẹríba fún èrò tí kò sí níbẹ̀. Ẹ fi dígí sọ́kàn títí ìparí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ náà, ó nawọ́ láti gba àmì-ẹ̀yẹ Sarah Siddons, àwòrán sì dúró gbagidi. Ó di nǹkan bíi wákàtí méjì kí ọwọ́ yẹn tó kan ère. (Inú fíìmù yìí ni wọ́n ti hùmọ̀ àmì-ẹ̀yẹ yẹn. Lọ́dún 1952, àwọn kan ní Chicago sọ ọ́ di ti òótọ́.)

Àléébù rẹ̀ kò ṣeé fi pamọ́. Gbogbo èèyàn ń pariwo pé Eve mọ eré ṣe bí iwin, síbẹ̀ a ò rí i kó ṣeré lórí ìtàgé rí, ẹnu la fi ń gbọ́. Birdie (Thelma Ritter), aláṣọ Margo, ẹni àkọ́kọ́ tójú rẹ̀ là sí Eve, pòórá lẹ́yìn páti tí Margo ṣe fún Bill, kò sì yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Eve àti lámèyítọ́ Addison DeWitt (Sanders) ń rìn ní ìlú New Haven, gbangba ló hàn pé aṣọ àwòrán ni àdúgbò tó wà lẹ́yìn wọn. Àti ọ̀rọ̀ Margo nínú mọ́tò tí Karen ti fa epo rẹ̀ dànù, pé obìnrin tí kò lọ́kọ kì í ṣe odindi obìnrin: ọdún 1950 ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, kì í ṣe Margo tí a mọ̀.

Claudette Colbert ni wọ́n kọ́kọ́ fún ní ipa Margo, ẹ̀yìn ló dùn ún tó fi bọ́ sọ́wọ́ Davis. Mi ò lè ro ẹlòmíràn síbẹ̀ mọ́. Ìgbà 14 ni wọ́n yan fíìmù náà fún Oscar, ó gba 6, ti Sanders wà níbẹ̀. Òṣèrébìnrin mẹ́rin ni wọ́n yàn, kò sí èyí tó mú nǹkan kan délé. Davis àti Baxter jọ du ẹ̀ka kan náà, Judy Holliday, láti inú fíìmù mìíràn, gbé e lọ mọ́ wọn lójú, bíi pé Mankiewicz ló kọ ìyẹn náà.

Ẹ má dìde lọ bu omi lẹ́yìn tí Eve bá ṣe adípò Margo lálẹ́ kan. Addison wọlé tọ̀ ọ́, ó bi í bí ẹni tí kò fura pé tíátà wo ló ti rí Margo ní San Francisco. Eve ní Shubert ni. Addison yìn ín: tíátà àtijọ́ tó dára, ilẹ̀ ríri ò ṣe é ní nǹkan kan. Kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ń tẹ fóònù lásìkò yẹn kò ní mọ ohun tó pa Eve lẹ́nu mọ́ ní New Haven, nígbà tí Addison sọ fún un pé kò sí Shubert kankan ní San Francisco.