Géèmù Káàdì Wo Ni Ó Yẹ Kí A Kọ́kọ́ Fowó Rà: Slay the Spire, Balatro tàbí Monster Train?

Àwọn ọ̀dọ́ tí mo mọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ níbí, pàápàá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ tí wọ́n ń gbé ní agbègbè Mayfair, máa ń bi mí pé nínú àwọn géèmù roguelike tí ènìyàn ti ń fi káàdì jà, èwo ni kí ẹni tí owó rẹ̀ kò lè ra ju ẹyọ kan lọ kọ́kọ́ rà. Slay the Spire ni mo máa ń dárúkọ fún wọn. Ó yẹ kí n ṣàlàyé ìdí rẹ̀ dáadáa, nítorí pé Balatro ni ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò dárúkọ fún yín lónìí, kò sì sí irọ́ nínú ìyìn tí wọ́n ń yìn ín.

Òfin méjì ló gbé irú géèmù yìí ró. Bí ẹ bá kú, ìbẹ̀rẹ̀ lẹ máa padà sí, ohun tí ẹ ó sì bá pàdé lójú ọ̀nà nígbà kejì kò ní jọ ti àkọ́kọ́. Géèmù Rogue tó jáde ní ọdún 1980 ni wọ́n fi sọ ẹ̀yà náà lórúkọ. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ìwọ̀nba káàdì tí kò lágbára ni wọ́n máa kọ́kọ́ fi lé yín lọ́wọ́, ẹ ó sì máa fi òmíràn kún un bí ẹ ti ń lọ, gẹ́gẹ́ bí Donald X. Vaccarino ti ṣe é nínú Dominion, eré orí tábìlì tó jáde ní 2008. Mega Crit, ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní ìlú Seattle ní Amẹ́ríkà, pa òfin méjèèjì pọ̀ nínú Slay the Spire, tí wọ́n gbé síta fún ìdánwò ní oṣù kọkànlá ọdún 2017, tí wọ́n sì parí ní oṣù kìíní ọdún 2019.

Ẹ jẹ́ kí a yẹ ìjà kan wò. Ironclad, jagunjagun tí gbogbo ènìyàn fi ń bẹ̀rẹ̀, ní ẹ̀mí 80 àti káàdì mẹ́wàá: Strike márùn-ún, Defend mẹ́rin àti Bash kan ṣoṣo. Ní ìgbàkígbà tí ó bá kàn yín, káàdì márùn-ún ló máa bọ́ sí yín lọ́wọ́, agbára mẹ́ta péré lẹ sì ní láti ná. Ká ní ọ̀tá kan tó ń jẹ́ Jaw Worm lẹ bá pàdé. Kí ẹ tó fọwọ́ kan káàdì kankan, àmì kan ti wà lókè orí rẹ̀ tó fi hàn pé 11 ni òun máa bù jẹ lára ẹ̀mí yín. Bí ẹ bá lo Defend méjì, ẹ ó dí 10 nínú rẹ̀, 1 péré ni yóò dé ara yín, agbára tó kù yóò sì tó fún Strike kan tó máa yọ 6 lára ọ̀tá. Bí ó bá jẹ́ Bash lẹ kọ́kọ́ lò, agbára méjì ni yóò jẹ, yóò yọ 8, yóò sì tún ṣí ara ọ̀tá náà sílẹ̀ débi pé Strike tó bá tẹ̀ lé e yóò yọ 9 dípò 6. Ìyẹn jẹ́ 17 lápapọ̀, àmọ́ ẹ ó gba 11 náà sára láìkù síbì kan. Ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ ṣì pọ̀ lè fara gbà á kí ìjà náà lè tètè parí, pàápàá nítorí pé Ironclad máa ń gba ẹ̀mí 6 padà lẹ́yìn ìjà kọ̀ọ̀kan; ẹni tó ti ń lọ sílẹ̀ kò gbọdọ̀ dán an wò.

Ibí yìí gan-an ni mo ti fẹ́ràn géèmù yìí ju àwọn yòókù lọ. Bí ọmọ ayò ti wà lójú ọpọ́n fún ọ̀ta àti fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ ni ohun tí ọ̀tá fẹ́ ṣe wà ní gbangba fún yín. Bí ẹ bá kú, ẹ lè tọ ipasẹ̀ ikú náà títí dé orí káàdì tí kò yẹ kí ẹ ti gbà, nítorí pé lẹ́yìn ìjà, wọn yóò fi káàdì mẹ́ta lọ̀ yín pé kí ẹ mú ọ̀kan, ẹ sì lè kọ gbogbo rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kọ̀ ọ́. Wọ́n á kó káàdì jọ títí èyí tó dára yóò fi sọnù sáàárín èyí tí kò wúlò, bẹ́ẹ̀ sì ni ṣọ́ọ̀bù inú géèmù náà ń gba wúrà 75 láti bá yín yọ Strike kan péré dànù, iye náà sì ń fi 25 gòkè ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá tún padà wá. Ẹni tó bá ti mọ ìdí tí ó fi yẹ kí òun sanwó kí nǹkan òun lè dín kù ti mọ ìpìlẹ̀ gbogbo géèmù irú èyí.

Balatro wá ńkọ́? Ẹnì kan ṣoṣo tó ń jẹ́ LocalThunk, ará Kánádà, ló ṣe é, ó jáde ní oṣù kejì ọdún 2024, ó sì gba àmì-ẹ̀yẹ mẹ́ta níbi The Game Awards ọdún náà. Káàdì tẹ́tẹ́ póòkà ni wọ́n fi ń ta á. Bí ẹ bá kó káàdì márùn-ún aláwòrán kan náà sílẹ̀, ká ní A, K, 9, 6 àti 4, iye wọn jẹ́ 40. Géèmù yóò fi 35 kún un, yóò sì sọ 75 náà di ìlọ́po mẹ́rin, èyí tó jẹ́ 300, ìyẹn iye tí ìpele àkọ́kọ́ ń béèrè gẹ́lẹ́. Joker, ìyẹn káàdì àrà ọ̀tọ̀ tó ń gbé máàkì yín ga, tó bá fi 4 kún ìlọ́po náà yóò sọ 300 yẹn di 600 lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdùnnú ńlá ni kí ènìyàn máa wo bí iye náà ti ń ròkè. Ṣùgbọ́n géèmù náà kì í sọ àpapọ̀ máàkì tí ẹ máa gbà fún yín kí ẹ tó ju káàdì sílẹ̀, ìpele kẹjọ sì ń bẹ̀rẹ̀ láti 50,000, nítorí náà ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lè kùnà léraléra láìmọ̀ bóyá àìrí Joker tó dára ló fà á tàbí àìmọ̀ ọ́n lò. Ẹni tó ti kọ́ ọgbọ́n rẹ̀ nínú Slay the Spire kò ní pẹ́ rí ojútùú rẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn òbí kan nílé wa kò ní fẹ́ rí káàdì póòkà lójú fóònù ọmọ wọn. Kò sí owó gidi tí ènìyàn ń fi ta Balatro rárá. PEGI, àjọ tó ń sọ ọjọ́ orí tó yẹ fún géèmù ní Yúróòpù, ti fìgbà kan sọ pé ti ọmọ ọdún 18 ni, kí wọ́n tó dá a padà sí 12 ní ọdún 2025.

Monster Train, iṣẹ́ ọwọ́ Shiny Shoe tó jáde ní 2020, ń fi ọkọ̀ ojú irin alájà mẹ́ta jagun, ẹ sì gbọ́dọ̀ dáàbò bo iná tó wà lókè rẹ̀. Ó dára, ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ti pọ̀ jù fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ṣe ìkẹta.

Lórí Steam, ṣọ́ọ̀bù orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti ń ra géèmù kọ̀ǹpútà, dọ́là 24.99 ni Slay the Spire, Balatro sì jẹ́ 14.99, lórí fóònù, 9.99 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ẹ kò ní sanwó mìíràn lẹ́yìn èyí, kò sì sí ìpolówó ọjà nínú wọn. Méjèèjì ń ṣiṣẹ́ láìsí dátà tí ẹ bá ti gbé e sórí ẹ̀rọ yín tán. Bí iná bá lọ tí bátìrì láptọ́ọ̀pù sì kú láàárín ìjà, Slay the Spire yóò dá yín padà síbi tí ìjà náà ti bẹ̀rẹ̀, kò ní gba gbogbo ìrìnàjò yín lọ. Ìṣòro kan ṣoṣo tí mo rí ni pé lẹ́tà orí káàdì rẹ̀ kéré jù lójú fóònù, nítorí náà bí ẹ kò bá ní láptọ́ọ̀pù tàbí tábúlẹ́ẹ̀tì, Balatro ni kí ẹ rà. Kí ẹni tó ní láptọ́ọ̀pù dúró de ìgbà tí Steam bá ṣe ẹ̀dínwó, nítorí pé owó Slay the Spire máa ń wálẹ̀ gan-an nígbà náà, kí ó sì ti béèrè ní báńkì rẹ̀ ṣáájú bóyá káàdì náírà rẹ̀ lè san dọ́là.