Gílóòbù LED Lẹ́yìn Ọdún Mẹ́ta: Ibi Tó Ti Dá Owó Rẹ̀ Padà

Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí mo ti ń yọ àwọn gílóòbù àtijọ́ ilé mi lọ́kọ̀ọ̀kan, tí mo sì ń fi LED, gílóòbù ìgbàlódé tí kì í jẹ iná púpọ̀, rọ́pò wọn. Nínú gbogbo ohun tí mo rà sílé, òun ni mo lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí pé ó ti dá owó mi padà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ní gbogbo yàrá.

Gílóòbù àtijọ́ tó ń jẹ wáàtì 60 máa ń mú ìmọ́lẹ̀ tó tó nǹkan bí 800 lumen (ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀) jáde, LED oní-wáàtì 9 sì lè mú irú ìmọ́lẹ̀ kan náà wá. Bí a bá ń tan èyí àtijọ́ fún wákàtí 5 lójúmọ́, yóò jẹ nǹkan bí yúnìtì 109 lórí mítà láàárín ọdún kan, nígbà tí LED yóò jẹ nǹkan bí 16. Kí oníkálukú fi 93, ìyàtọ̀ àárín méjèèjì, sọ iye tó ń san lórí yúnìtì kan di púpọ̀, kí ó sì fi ohun tó bá rí wé iye tí wọ́n ń ta gílóòbù náà. Ìyàtọ̀ yìí kò ṣẹ̀yìn ooru: gílóòbù àtijọ́ gbọ́dọ̀ mú okùn irin tín-ín-rín gbóná gidigidi kí ó tó lè tàn, ooru sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú iná tó ń jẹ ń dà. Tẹ́lẹ̀, aṣọ ni mo máa ń fi wé ọwọ́ kí n tó lè yọ ọ̀kan tó ti ń tàn. Ní báyìí, mo lè fi àtàǹpàkò lé orí LED tó ń tàn kí ó má jó mi.

Àmọ́ LED náà ní ooru tirẹ̀, ìdí rẹ̀ ló sì ń gbà lọ, níbi tí ẹ̀rọ kékeré tó ń darí iná wà. Èyí kò yé mi títí mo fi ki ọ̀kan bọ inú ìbòrí gíláàsì tó pa dé pátápátá ní ilé ìwẹ̀. Wọ́n kọ wákàtí 15,000 sára páálí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lò ju oṣù mẹ́jọ lọ tó fi kú. Ẹni tó tà á fún mi kò gbà á padà, nítorí pé mo ti sọ ìwé ẹ̀rí owó nù. Láti ìgbà náà, mo máa ń yẹ páálí wò bóyá wọ́n kọ ọ́ pé ó ṣeé lò nínú ìbòrí tó pa dé, mo sì ń tọ́jú ìwé owó.

Yàrá ìkẹ́rùsí ni mo ti ná owó ní ìnákúnàá. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni iná ń tàn níbẹ̀ lójúmọ́, ohun tí LED sì lè bá mi dín kù lọ́dún kò pé yúnìtì 2. Ó yẹ kí n ti fi èyí àtijọ́ sílẹ̀ títí yóò fi jó fúnra rẹ̀.

Ẹ wo àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ pẹ̀lú, èyí tí wọ́n ń fi K (Kelvin) wọ̀n: 2700K pọ́n díẹ̀, ó sì tu ojú lára, nígbà tí 6500K funfun gan-an, kò sì bá yàrá tí a ń sùn mu rárá.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ lo LED, níbi tí iná ti ń tàn fún wákàtí 10 lálaalẹ́. Mo fi bírò kọ ọjọ́ tí mo fi í síbẹ̀ sí ìdí rẹ̀, ìkọ̀wé náà sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́ tán. Ó ti tàn ju wákàtí 10,000 lọ. Gílóòbù àtijọ́, tí ẹ̀mí rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí wákàtí 1,000, ì bá ti kú tó mẹ́wàá lójú ihò kan náà.