Ricoh GR III lọ́wọ́ ẹni tó ń fẹsẹ̀ rin Èkó

Ó ti lé lọ́dún kan ààbọ̀ tí mo ti ń gbé kámẹ́rà yìí káàkiri Èkó, láti Ìdúmọ̀tà dé Ọ̀shòdì, láti CMS dé Ẹ̀bútè Mẹ́ta. Nígbà tí mò ń wá èyí tí màá rà, ti àwọn tó ń ya ìgboro Tokyo àti New York ni mo ń rí kà ṣáá. Kò sẹ́ni tó sọ bó ṣe máa ń rí tí agbèrò bá kígbe mọ́ èèyàn.

Kámẹ́rà ńlá ni mò ń lò tẹ́lẹ̀. Tí mo bá ti fà á yọ ní Balógun, kíá ni wọ́n á bi mí pé, "Ta ló rán ẹ wá?" Àwọn kan á fọwọ́ bojú, àwọn mìíràn á dúró gbagidi bí ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò ìgbéyàwó. Ohun tí mo fẹ́ yà á sì ti kọjá. GR III ò ju gíráàmù 257 lọ, tòun ti bátìrì àti káàdì inú rẹ̀, ó ń wọ àpò ṣòkòtò. Tí mo bá mú un jáde, ojú mi làwọn èèyàn ń wò, wọn kì í wo ọwọ́ mi. Nítorí ìyẹn gan-an ni mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀.

Ẹ má fojú kékeré wò ó. Sẹ́ńsọ̀ APS-C, ìyẹn ohun tó ń sọ ìmọ́lẹ̀ di àwòrán, ló wà nínú rẹ̀, irú èyí tó wà nínú ọ̀pọ̀ kámẹ́rà ńlá, mẹ́gápísẹ́lì 24. Lẹ́ǹsì rẹ̀, tí ibi tó ń rí fẹ̀ bíi ti mìlímítà 28, ò ṣe é fà sún mọ́ nǹkan. Ẹ gbọ́dọ̀ sún mọ́ èèyàn, kẹ́ ẹ sì kí i.

Ohun tó wúlò jù fún mi nínú rẹ̀ ni Snap Focus. Ẹ ó ti yan bí ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ yà ṣe máa jìnnà tó sílẹ̀: mítà 1, 1.5, 2, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. 1.5 lèmi ń fi sí, pẹ̀lú f/8, ìyẹn kí ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé kéré díẹ̀, tí oòrùn bá mú. Ohun tó bá wà láàárín bíi mítà kan sí márùn-ún á hàn kedere, mi ò sì ní dúró de ẹ̀rọ kó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ojú ẹnikẹ́ni. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ní Ìdúmọ̀tà, alááru kan ń bọ̀ pẹ̀lú ìdì ańkárá lórí, ó ń pariwo, "Àgò o! Àgò lọ́nà!" Mo yẹ̀ fún un, mo tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ilé ni mo ti wá rí òógùn tó ń kán ní àgbọ̀n rẹ̀, òṣùká tó ti yọ̀ wá síwájú orí rẹ̀, àti ìka ọmọ kékeré kan tó di etí ìró ìyá rẹ̀ mú lẹ́yìn rẹ̀. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé ọmọ kankan wà níbẹ̀.

Ti pé kámẹ́rà kéré ò wá ní ká máa jí ojú èèyàn gbé o. Ìyá kan ń sun bọ̀ọ̀lì ní Yaba. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ẹ jẹ́ kí n ya bẹ́ ẹ ṣe ń fẹ́ iná yẹn." Wọ́n ní, "Bùọ̀dá, ṣé ẹ ò ní lọ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lórí Facebook?" Mo fi hàn wọ́n. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n tún un yà, pé ìborùn àwọn ti wọ́. Lọ́sẹ̀ kejì, mo tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, mo gbé e lọ fún wọn. "Fọ́tò" ni wọ́n ń pè mí níbẹ̀ báyìí.

Kámẹ́rà yìí ò ní ihò tí à ń yọjú wò. Mo kọ́kọ́ kà á sí àbùkù, àfìgbà tí mo rántí Akinbode Akinbiyi, ayàwòrán tó ti ń fẹsẹ̀ rin Èkó láti ọ̀pọ̀ ọdún. Rolleiflex oní fíìmù ló ń lò, èyí tí wọ́n ń gbé sí ọ̀kánkán àyà, tí wọ́n á wá máa wolẹ̀ wò ó. Kì í dí ojú ẹni tó gbé e. Ọ̀kánkán àyà lèmi náà ń gbé tèmi sí báyìí.

Bátìrì rẹ̀ kò lọ́jọ́ lórí. Àwọn tó ṣe é fúnra wọn sọ pé bí 200 àwòrán ni. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní Ọbáléndé, tí oòrùn ń wọ̀ gba àárín àwọn dánfó, ẹyọ kan ṣoṣo ni mo gbé dání, ó sì kú mọ́ mi lọ́wọ́. Ó dùn mí títí mo fi délé. Mẹ́ta ni mò ń gbé báyìí, pẹ̀lú páwà báǹkì, torí USB-C ló fi ń gba iná. Wọn ò dí kámẹ́rà náà mọ́ omi àti eruku, nítorí náà inú ọ̀rá ló ń wà nígbà òjò àti nígbà ọyẹ́. Kò ní fíláàṣì.

Dọ́là 899 ni wọ́n ń tà á ní Amẹ́ríkà nígbà tó jáde lọ́dún 2019. Bí mìlímítà 28 bá ti fẹ̀ jù fún yín, GR IIIx tó tẹ̀ lé e ní 2021 ń rí bíi ti mìlímítà 40, kò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àlòkù ni mo ra tèmi, mi ò sì yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa lọ́jọ́ náà. Àmì dúdú kan wà lójú ọ̀run nínú gbogbo fọ́tò tí mo kọ́kọ́ yà: eruku ti wọ inú rẹ̀ kó tó dé ọwọ́ mi, mo sì sanwó kí wọ́n tó bá mi nù ún kúrò. Kẹ́ ẹ tó kówó sílẹ̀, ẹ fi í sí f/16, ẹ ya ògiri funfun kan, kẹ́ ẹ sì fẹ̀ ẹ́ lójú rẹ̀ wò láti igun dé igun.